Kétu Lẹ́yìn Ogun 1886: Bí Ìlú Tí Ogun Kó Ṣe Tún Ara Rẹ̀ Tò

  

Nígbà tí Ọba Ẹdẹ tẹ ìlú yìí dó, àwọn baba wa sọ fún wa pé ìbéèrè kan jáde lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀: ta ni í tú iké? Ta ni í fọ́ ìlú? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni kò ti lè na iké ẹ̀yìn abuké kó tọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò lè fọ́ ìlú tí a tẹ̀ dó yìí. Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ní orúkọ Kétu ti wá. Gbogbo ọmọ ìlú ló mọ ìtàn yìí, a sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìyangàn nígbà ọdún.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1886, ẹnìkan fọ́ ìlú náà. Ogun Dàhòmì wọ Kétu, ó dáná sun ún, ó sì kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ. Fún bí ọdún méje, ibi tí ààfin wà di igbó. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, mo máa ń rí i pé wọ́n mọ ọdún tí ìlú bọ́, wọ́n sì mọ orúkọ ọba Dàhòmì tó rán ogun wá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fò lọ sí ìgbà àwọn Faransé, bí ẹni pé kò sí ohun kankan láàárín méjèèjì. Ohun tó wà láàárín yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ lónìí. Nígbà tí ìlú kan bá ti túúbá lójú ogun, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn rẹ̀? Kí ni ó ń yí padà nínú ilé, nínú ẹbí, nínú oyè? Kí sì ni kì í yí padà? Ìdí tí mo fi béèrè ni pé Kétu tí à ń gbé nínú rẹ̀ lónìí kì í ṣe Kétu tí Ẹdẹ tẹ̀ dó nìkan. Kétu tí àwọn tó ti oko ẹrú bọ̀ tún tẹ̀ dó ni pẹ̀lú.

Bí ogun ṣe dé bá wa

Kétu wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ó sì súnmọ́ Dàhòmì ju ọ̀pọ̀ ìlú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa lọ. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé lágbára, Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Nígbà tí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wó, ọba Gezo, tó jẹ láti 1818 di 1858, já ara rẹ̀ gbà kúrò lábẹ́ ìsìn yẹn. Láti ìgbà náà, ojú ogun Dàhòmì yí sí ìlà-oòrùn, sí ọ̀dọ̀ wa. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lépa jù. Wọ́n gbógun tì í ní 1851, wọ́n tún gbógun tì í ní 1864, wọ́n sì pàdánù ní ìgbà méjèèjì. Ẹni tí kò bá rí ẹran ńlá pa a máa bojú wo èyí tó wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ ajé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí títa ènìyàn sí òkè òkun ń parí lọ, Dàhòmì kò dẹ́kun àtimú ènìyàn. Epo pupa ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ń rà báyìí, oko ọ̀pẹ sì ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí wọn ì bá ti tà sí òkè òkun tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ń ṣa ẹyìn, tí ń fún epo ní oko àwọn ìjòyè Agbómẹ̀. Nítorí náà, òpin òwò ẹrú lórí òkun kò mú àlàáfíà wá fún wa.

Ìtàn tí àwọn àgbà Kétu ń sọ ni pé ọta ìbọn ọmọ Kétu kan ló kó bá Gezo ní 1858, àti pé Glèlè ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé. Ní 1883, ogun Glèlè dé, wọ́n ba ìlú jẹ́, Alákétu Òjékú sì bá ogun náà lọ. A tún ìlú tò bí a ti lè tún un tò, Alákétu Húngbó sì gorí ìtẹ́. Ní 1886, wọ́n tún padà wá.

Ọjọ́ tí ẹnu ibodè ṣí

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí Àkàbà Ìdènà mọ ohun tí mo ń sọ. Odi wa àti yàrà tó yí i ká kì í ṣe ohun àwàdà. Àwọn jagunjagun Dàhòmì, tọkùnrin tobìnrin, kò rí i fọ́ pẹ̀lú ipá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dó ti ìlú, wọ́n sì dúró. Kétu jẹ́ ìlú tí omi ti ṣọ̀wọ́n, oko wa sì wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè jáde lọ sóko mọ́, oúnjẹ tán nínú aká. Odi tó ń dá ọ̀tá dúró náà ló di ohun tó há onílé mọ́lé.

Àwọn baba wa sọ pé ẹ̀tàn ló parí iṣẹ́ náà. Dàhòmì ránṣẹ́ àlàáfíà, wọ́n ní kí àwọn àgbà ìlú jáde wá kí wọ́n jọ mulẹ̀. Àwọn tó jáde kò padà. Wọ́n dè wọ́n, ìlú sì wà láìní olórí, pẹ̀lú ebi nínú. Bí ìlú ṣe bọ́ nìyẹn.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Àwọn kan máa ń tijú sọ pé Kétu túúbá. Wọ́n fẹ́ràn kí á sọ pé ẹ̀tàn ni, kì í ṣe ìṣẹ́gun. Ẹ̀tàn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi ti ṣe tirẹ̀ kí ẹ̀tàn tó dé. Àgbà tó jáde lọ bá ọ̀tá sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń kú lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe òjo. Ó ń wá ọ̀nà tí ẹ̀mí yóò fi kù nínú ìlú. A kò gbọdọ̀ fi ìtìjú wa lónìí ṣe ìdájọ́ lórí wọn.

Ọdún tí a fi wà lóko ẹrú

Níbo ni àwọn ènìyàn Kétu lọ? Ọ̀nà tí wọ́n gbà pọ̀. Àwọn tó tètè sá ṣáájú kí odi tó ṣí gba ìhà ìlà-oòrùn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará wa. Àwọn mìíràn kú lójú ọ̀nà. Àwọn kan nínú ìgbèkùn ni wọ́n fi rúbọ ní Agbómẹ̀ nígbà ètùtù ọba, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀ nígbà náà. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó kù ni wọ́n pín láàárín ọba, ìjòyè àti jagunjagun. Àwọn ọkùnrin lọ sí oko. Ọ̀pọ̀ obìnrin lọ sí ilé ọkọ tí wọn kò yàn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré kan wo ohun tí ọdún méje lè ṣe. Ọmọ tí wọ́n kó ní ọmọ ọdún márùn-ún ní 1886 ti di ọmọ ọdún méjìlá ní 1893. Èdè wo ni yóò máa fi ṣeré? Èdè Fọ̀n ni. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí ìlú bọ́ ti di ẹni ọdún méjìlélógún, ó sì ṣeé ṣe kó ti bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta fún ará Agbómẹ̀. Àgbà ọgọ́ta ọdún tó mọ ààlà gbogbo ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ti lè kú sóko ẹlòmíràn, kó sì gbé ìmọ̀ náà lọ. Ọdún méje kò pọ̀ nínú ìtàn ìlú tó ti pẹ́ bíi tiwa. Nínú ayé ọmọ ènìyàn, ó tó láti sọ ọmọ di àlejò nílé baba rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún yí padà níbẹ̀. Nílé, ọmọ ọba jẹ́ ọmọ ọba, ọmọ ìjòyè jẹ́ ọmọ ìjòyè, ìwọ̀fà àti ẹrú sì mọ ipò wọn, nítorí Kétu náà ní ẹrú, òtítọ́ ni. Lóko Agbómẹ̀, ọkọ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ dì mú. Ẹni tí ogun kó pọ̀ mọ́ ẹrú rẹ̀ àná, tí wọ́n jọ jẹ ẹ̀kọ nínú ewé kan náà, yóò ṣòro fún un láti padà wálé kó tún máa pàṣẹ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ẹni tó ṣẹ́gun wa náà pàdánù

Ogun Faransé pẹ̀lú Dàhòmì ló ṣí ọ̀nà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọ̀gágun Dodds wọ Agbómẹ̀. Behanzin, ọmọ Glèlè, ti dáná sun ààfin ara rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ó ń ti ibì kan dé ibì kejì nínú igbó títí di oṣù kìíní ọdún 1894, nígbà tó fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Martinique, ó sì kú ní Algiers ní 1906, láì tún fojú kan ilé mọ́.

Àwọn kan máa ń ka èyí bí ẹ̀san, wọ́n á ní ohun tí wọ́n ṣe fún wa ló padà sí wọn lára. Bí mo ṣe rí i kọ́ nìyẹn. Ẹ wo ọdún 1894 dáadáa. Ní ọdún yẹn, àwọn Faransé fi Agoli-Agbo jọba ní Agbómẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Kétu náà tún ní Alákétu, Onyegen. Ìlú tó ṣẹ́gun àti ìlú tó pàdánù, àwọn méjèèjì gba adé padà lábẹ́ àsíá kan náà. Ní 1900, àwọn tó fi Agoli-Agbo jẹ náà ló rọ̀ ọ́ lóyè, tí wọ́n gbé e lọ sí Gabon. Ìyẹn ti fi hàn irú adé tí ó jẹ́.

Ìpadàbọ̀

Bí ìjọba Agbómẹ̀ ti ń túká, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń gba ọ̀nà ilé. Ìtàn yìí dùn ún sọ, a sì máa ń sọ ọ́ bí ìgbà tí gbogbo ìlú dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan bọ̀ ní kété, àwọn kan bọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn kan kò bọ̀ rárá.

Ẹ ro ti obìnrin tó ti bímọ lọ́hùn-ún. Bí ó bá padà sí Kétu, ta ni yóò gba àwọn ọmọ rẹ̀? Nínú ilé wo ni wọn yóò ti jẹ́ ọmọ? Bí ó bá fi wọ́n sílẹ̀, ìyá wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó sùn? Bí ó bá dúró, àwọn òbí rẹ̀ tó ń padà lọ yóò sunkún rẹ̀ bí òkú. Kò sí èyí tó dára pátápátá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó mú ọmọ wọn bọ̀ mú ẹ̀jẹ̀ Fọ̀n wọ inú agboolé wa, àwọn tó dúró sì fi ẹ̀jẹ̀ Kétu sílẹ̀ ní Agbómẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí àwọn ìdílé ní agbègbè Agbómẹ̀ títí di òní tí wọ́n mọ̀ pé Ànàgó ni orísun àwọn.

Àwọn tó délé bá igbó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ìwé kò sí nígbà náà. Orí igi, ojúbọ, ibojì àwọn baba tí a sin sínú ilé àti ìrántí àwọn àgbà ni ẹ̀rí. Níbi tí àgbà bá ti kú sí oko ẹrú, ẹ̀rí náà kú. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ṣán ibi tó rí, ẹni tó dé lẹ́yìn sì bá ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjà ilẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó nínú ìlú bíi tiwa, kó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láti ibẹ̀.

Síbẹ̀, ohun ìyanu kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Àwọn tó padà kò sọ pé kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀. Wọ́n wá ẹni tí adé tọ́ sí. Ìdílé ọba márùn-ún ló wà ní Kétu, àwọn ni Alápínní, Magbó, Aró, Mèṣà àti Mèfù, a sì máa ń pín oyè láàárín wọn. Lẹ́yìn iná, lẹ́yìn ìgbèkùn, lẹ́yìn tí ìtẹ́ ti ṣófo fún ọdún méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ètò yẹn kò sọnù. Ó wà lórí àwọn ènìyàn, kò sí nínú ààfin. Ìdí nìyẹn tí iná kò fi rí i jó.

Ààlà tí wọ́n fà nígbà tí a kò sí nílé

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan nílùú Paris, wọ́n pín ilẹ̀ láàárín ara wọn. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Mẹ́kọ àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó ń wárí fún Alákétu sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ka ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1889, ìlú Kétu ṣófo. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lóko ẹrú tàbí lọ́dọ̀ àlejò. Bí ẹnìkan tilẹ̀ fẹ́ béèrè èrò wa, ta ni yóò bá nílé?

Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ìṣẹ́gun ń ṣe sí ìlú tí kò hàn lójú ẹsẹ̀. Yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀tá kó lọ, àwọn ẹlòmíràn tún ń pín ohun tó kù nígbà tí onílé kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn tó padà ní 1893 àti 1894 bá orílẹ̀-èdè tuntun méjì lórí ilẹ̀ baba wọn. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Kétu, tí oko rẹ̀ sì wà ní ìhà Mẹ́kọ, di ẹni tí ń ré kọjá ààlà láti lọ wú iṣu.

Adé lábẹ́ kọmándà

Àwọn tó padà rò pé wọ́n ti bọ́ lóko ẹrú. Láìpẹ́, wọ́n rí i pé ọ̀gá tuntun ti dé. Ní 1899, ìjọba Faransé fi owó orí lélẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Dàhòmì. Owó Faransé ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe owó ẹyọ. Ẹni tí kò bá ní in gbọ́dọ̀ ta ẹyìn, tàbí kó lọ ṣe alágbàṣe. Iṣẹ́ tipátipá lórí ọ̀nà tẹ̀lé e, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1946. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe sọ́jà. Àwọn Ọ̀họ̀rí, aládùúgbò wa, kò gbà, wọ́n dìde sí ìjọba ní 1914 àti 1915.

Ipò Alákétu yí padà jù. Kábíyèsí di olórí kántọ̀n, ẹni tí kọmándà ń ránṣẹ́ sí pé kó kó owó orí wá, kó kó òṣìṣẹ́ wá. Nígbà tí Onyegen darúgbó tí kò sì lè ṣiṣẹ́ yẹn mọ́, àwọn Faransé gbé olorì rẹ̀, Alaba Ida, sípò ní nǹkan bí 1911. Obìnrin alágbára ni. Ó kó owó orí, ó pèsè ọmọ ogun, ó ṣe ohun tí ìjọba fẹ́, àwọn ará ìlú sì korò sí i. Ní nǹkan bí 1917, agbára kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, àwọn kan ń dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Èmi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n béèrè ìbéèrè kan kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́: bó bá jẹ́ ọkùnrin ni kọmándà gbé síbẹ̀, ṣé owó orí ì bá dín kù? Ọ̀pá tí wọ́n fi nà wá ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ẹni tó gbẹ́ ọ̀pá ni kí á kọ́kọ́ wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa fi ẹsẹ̀ dáhùn. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n ré ààlà kọjá lọ sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹbí wọn wà. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Kétu tún ń tú díẹ̀díẹ̀, láìsí ìbọn. Lọ́hùn-ún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ti ọwọ́ ọba ṣèjọba, Onímẹ́kọ sì ń ga sí i. Lọ́dọ̀ wa, adé tí gbogbo wọn ń wárí fún tẹ́lẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ọmọ ìyá méjì ni Kétu àti Mẹ́kọ, àwọn tó gbà wọ́n tọ́ kàn yàtọ̀ ni.

Ohun tí ogun kò rí kó

Bí mo bá dúró níbí, ìtàn ìbànújẹ́ nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká yín lónìí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó. Àgbáyé mọ̀ ọ́n. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ohun ìṣúra àtẹnudẹ́nu aráyé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Àwọn ìyá wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọlá fún. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bí mo ṣe ń ro ọ̀rọ̀ ọdún méje yẹn, mo ń béèrè pé lẹ́nu ta ni ọmọ ti lè gbọ́ èdè Kétu ní oko Agbómẹ̀ bí kò ṣe lẹ́nu ìyá?

Ní òkè òkun náà, orúkọ wa kò parẹ́. Àwọn tí Dàhòmì ti kó tà ṣáájú 1886 gbé Kétu dé Brazil. Ní Bahia, ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà tó gbilẹ̀ jù ń pe ara wọn ní Kétu, ilé òrìṣà kan sì wà ní Salvador tí wọ́n ń pè ní Alákétu. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọmọbìnrin ilé Aró kan tí ogun Dàhòmì kó ló dá a sílẹ̀. Àwọn tí kò ní ìlú mọ́ fi orúkọ ìlú ṣe ilé.

Nítorí náà, kí ni ìdáhùn sí ìbéèrè ìgbà Ẹdẹ? Ta ni í fọ́ ìlú? Mo rò pé àwọn baba wa kò purọ́, àwa ni a kò gbọ́ ọ yé. Odi ṣeé fọ́. Ilé ṣeé sun. Ọba ṣeé pa, wọ́n sì pa á. Ohun tí a ń pè ní ìlú ni ètò tó wà lórí àwọn ènìyàn: ẹni tí oyè kàn, ẹni tí a ń bọlá fún, orúkọ tí ọmọ ń jẹ́, èdè tí ìyá fi ń pe ọmọ. Bí èyí bá wà, ìlú lè sùn nínú igbó fún ọdún méje kó sì jí.

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Nítorí pé àwọn aláṣẹ ìlú àti àwọn olórí ẹbí ni yóò ka ìwé yìí, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun mẹ́rin.

Èkíní, àwọn àgbà tó gbọ́ ìtàn ìpadàbọ̀ lẹ́nu àwọn òbí wọn àgbà ń dín kù lọ́dọọdún. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ kan tó mọ ìwé Yorùbá kọ, kó jókòó ti àgbà, kó kọ orúkọ ẹni tó padà, ẹni tí kò padà, àti ibi tí olúkúlùkù wà nígbà ìgbèkùn. Fóònù tí àwọn ọmọ wa ń fi ya àwòrán ijó lè gba ohùn àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Èkejì, Àkàbà Ìdènà àti yàrà wa. Odi náà ni ìwé ìtàn tó tóbi jù tí a ní. Kí ìjọba ìbílẹ̀ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ilé tàbí pàǹtírí dí i. A kò lè máa kọrin odi ní ọjọ́ ọdún kí á sì máa da ìdọ̀tí sí i ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Nígbà ìjà ilẹ̀ tàbí ìjà oyè, a máa ń gbọ́ kí ẹnìkan sọ fún ẹnìkejì pé ìyá rẹ̀ àgbà ti Agbómẹ̀ wá, tàbí pé ọmọ ẹrú ni. Ta ni kì í ṣe ọmọ ẹrú nínú wa? Ìlú tí gbogbo rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn kò lè fi ìgbèkùn bú ara rẹ̀. Obìnrin tó gbé ọmọ rẹ̀ láti Agbómẹ̀ wá sí Kétu nígbà tó lè dúró, ó yan Kétu. Kí ọmọ rẹ̀ wà nínú wa láìsí ìtìjú.

Ẹ̀kẹrin, àwọn aládùúgbò wa Fọ̀n. Wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa, wọ́n ń fẹ́ lára wa, a ń fẹ́ lára wọn. Kí á má ṣe fi ìtàn 1886 pamọ́ fún wọn bí ẹni pé ó jẹ́ èébú, kí á má sì fi lù wọ́n lórí. Àwọn náà mọ ohun tí ó jẹ́ kí ààfin jóná. Ẹni méjì tí iná ti jó lè jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ iná.

Kí Olódùmarè fún Kábíyèsí ní ẹ̀mí gígùn. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ogun tún rí ẹnu ibodè wa. Kí àwọn ọmọ wa tó wà ní àjò rí ọ̀nà ilé, kí wọ́n sì bá ilé nígbà tí wọ́n bá dé. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.